Ohun Tí Ojú Kò Rí



Àwọn baba wa a máa wí pé ojú ni ọba ara. Bí ojú bá kú, ẹsẹ̀ a máa táràrà, ọwọ́ a sì máa wá ohun tí ó wà nítòsí bí ẹni pé ó wà ní ọ̀nà jíjìn. Nítorí náà ni a fi ń gba ẹ̀rí ojú gbọ́ ju ẹ̀rí etí lọ. Bí ẹnìkan bá mú ìròyìn tí ó ṣòro láti gbàgbọ́ wá, ohun tí a ó kọ́kọ́ bi í ni pé, “Ṣé ojú rẹ ni ó ṣe?” Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀wò ní ọ̀sẹ̀ yìí ni èyí: ohun tí ojú wa kò bá rí, ṣé a lè tìtorí bẹ́ẹ̀ wí pé kò sí? Bí ó bá sì wà, kí ni ojúṣe ẹni tí ó ti rí i sí ẹni tí kò tíì rí i?

Kì í ṣe àlọ́ ni mo fẹ́ pa. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, àwọn onímọ̀ kan ní Yunifásítì California ní Berkeley, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti Yunifásítì Washington, tẹ ìwé jáde pé àwọn ti fi ìmọ́lẹ̀ tí à ń pè ní lésà mú kí ènìyàn márùn-ún rí àwọ̀ kan tí ọmọ aráyé kankan kò rí rí. Wọ́n sọ àwọ̀ náà ní olo. Àwọn tí ó rí i wí pé ó dà bí ìgbà tí àwọ̀ aró bá pàdé àwọ̀ ewé, ṣùgbọ́n kíkún rẹ̀ ju ti ohunkóhun tí ojú ti ń rí tẹ́lẹ̀ lọ. Kò sí aṣọ tí a lè rẹ láró kí ó dà bẹ́ẹ̀, kò sì sí òdòdó tàbí ìyẹ́ ẹyẹ tí ó ní i.

Kí ni lésà yìí? Ìmọ́lẹ̀ àtùpà wa dà bí èrò ọjà: olúkúlùkù kọjú sí ibi tí ó wù ú, aṣọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó sì wà lára wọn. Ìmọ́lẹ̀ lésà dà bí ẹgbẹ́ ọmọ-ogun tí ó wọ aṣọ kan náà, tí ẹsẹ̀ wọn ń balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí gbogbo wọn sì kọjú sí ọ̀gangan kan ṣoṣo. Ní ọdún 1917 ni Albert Einstein fi ìṣirò hàn bí ìmọ́lẹ̀ kan ṣe lè ru òmíràn tí ó dà bí tirẹ̀ sókè. Ní ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún ọdún 1960, Theodore Maiman tan lésà àkọ́kọ́ ní California, òkúta iyebíye pupa ni ó sì fi ṣe é. Kò pé ọdún méjì lẹ́yìn náà tí àwọn dókítà ní New York fi í tọ́jú ojú aláìsàn kan. Kí ni ó fà á tí ó fi jẹ́ ojú ni wọ́n kọ́kọ́ mú un lọ bá? Ìdí rẹ̀ ni pé ojú ni ẹ̀yà ara tí Ẹlẹ́dàá dá ní fèrèsé. Ìmọ́lẹ̀ lè gba iwájú rẹ̀ wọlé kí ó sì dé ẹ̀yìn rẹ̀ láìsí pé ọ̀bẹ kan ohunkóhun.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ti ṣe rí àwọ̀ tuntun náà. Ní ẹ̀yìn inú ẹyinjú wa, awọ fẹ́lẹ́ kan wà tí ń gba ìmọ́lẹ̀. Lára awọ náà ni àwọn ẹ̀ṣọ́ kéékèèké wà tí ń jẹ́ kí a mọ àwọ̀, irú mẹ́ta ni wọ́n sì pín sí. Wọ́n dà bí ọmọ ìyá mẹ́ta tí ń gbé inú ilé kan: bí ẹ bá pe èyí àárín, ọ̀kan nínú àwọn yòókù yóò bá a dáhùn. Láti ìgbà tí ayé ti dáyé, kò sí ìmọ́lẹ̀ tí ó pe èyí àárín nìkan rí. Àwọn onímọ̀ wọ̀nyí ya àwòrán awọ ẹ̀yìn ojú ẹni kọ̀ọ̀kan, wọ́n mọ ibi tí ẹ̀ṣọ́ kọ̀ọ̀kan dúró sí àti irú èyí tí í ṣe. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń ta ìmọ́lẹ̀ lésà bín-íntín bín-íntín sí irú ti àárín nìkan, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ wọn ń tẹ̀lé ojú náà bí ó ti ń mì. Ibi tí àwọ̀ náà hàn dé kò ju ìwọ̀n òṣùpá méjì lójú ọ̀run lọ.

Ẹ̀yin ará, èdè wa pín àwọ̀ sí mẹ́ta: funfun, pupa àti dúdú. Àjèjì tí kò mọ̀ wá lè rò pé mẹ́ta péré ni a ń rí. Ṣùgbọ́n kí ó lọ bá ìyá aláró ní ibi ìkòkò rẹ̀, yóò gbọ́ èyí tí a ń pè ní ayìnrín, yóò gbọ́ èyí tí ó gba aró díẹ̀ àti èyí tí ó mu aró títí ó fi dúdú. Pé a kò ní orúkọ fún ohun kan kò sọ ọ́ di ohun tí kò sí. Nísinsìnyí a tún mọ̀ pé àìrí pàápàá kò sọ ohun kan di aláìsí. Ojú wa jẹ́ fèrèsé, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ògiri ayé. Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni a ń jẹ́wọ́ nínú Mísà pé Ọlọ́run ni ó dá ohun tí a ń rí àti èyí tí a kò rí. Èmi kò wí pé áńgẹ́lì ni àwọ̀ tuntun yìí o. Ohun tí mo ń wí ni pé ẹni tí ó bá gbàgbọ́ pé ibi tí ojú òun mọ ni ayé mọ, ìgbéraga ni ó fi ṣe ọgbọ́n.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan láàárín yín yóò wí pé, “Fadá, èyí dára, ṣùgbọ́n kí ni àwọ̀ tuntun fẹ́ ṣe fún arúgbó tí ọmọ-ọmọ ń fi ọ̀pá fà ní Ìjù níhìn-ín? Ṣé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ni kí a máa ná owó láti fi àwọ̀ han ènìyàn márùn-ún, nígbà tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ kò rí ojú ọmọ wọn?” Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti òmùgọ̀, n kò sì fẹ́ kí a fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Láàárín ọdún 2005 sí 2007, àwọn dókítà rìn káàkiri ilẹ̀ Nàìjíríà, wọ́n yẹ ojú àwọn tí ó ti pé ogójì ọdún sókè wò, iye àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò sì ju 13,000 lọ. Wọ́n rí i pé nínú ọgọ́rùn-ún irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀, mẹ́rin ni ó fọ́jú. Nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó fọ́jú, 84 ni ojú wọn ì bá má fọ́ rárá, tàbí tí a lè là padà, bí ìtọ́jú bá dé bá wọn lákòókò.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ ti ọ̀kan nínú àwọn àrùn náà, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní glaucoma. Omi kan wà nínú ẹyinjú, ó sì ní ojú ọ̀nà tí ó ń gbà ṣàn jáde. Lọ́pọ̀ ìgbà ojú ọ̀nà náà ni kì í já geere mọ́. Omi a máa tẹ iṣan tí ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ, iṣan náà a sì máa kú díẹ̀díẹ̀. Ìwádìí tí mo sọ yìí fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún ẹni tí ó ti pé ogójì ọdún ní ilẹ̀ wa, bí márùn-ún ni ó ní àrùn náà. Nínú àwọn tí ó ní i, ẹnìkan nínú márùn-ún ti fọ́jú. Èyí tí ó yẹ kí ó dẹ́rù bà wá jù lọ ni pé nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó ní i, bí 94 kò mọ̀ rárá pé àwọn ní i.

Báwo ni ènìyàn ṣe lè máa pàdánù ojú rẹ̀ kí ó má mọ̀? Nítorí pé ojú kì í rí ibi tí kò rí mọ́. Ẹ má ṣe rò pé aláìsàn náà ń rí òkùnkùn. Etí ìríran ni àrùn yìí sábà máa ń kọ́kọ́ jẹ, ọpọlọ a sì fi ohun tí ó wà ní àyíká dí àlàfo náà, bí ìgbà tí aránṣọ bá lẹ aṣọ tí ó ya tí ojú rírán kò sì hàn. Lọ́pọ̀ ìgbà kò ní dùn ún, kò ní pọ́n, kò ní yún. Baba yóò ṣì máa ka ìwé orin, yóò ṣì máa mọ owó yà sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n yóò máa fi èjìká kọlu òpó ilẹ̀kùn, yóò sì máa fi ọwọ́ gbá ife omi ṣubú. Àwọn ará ilé yóò wí pé ogbó ni. Àwọn ẹlòmíràn yóò tilẹ̀ wí pé ọwọ́ ayé ni, wọn yóò sì máa wá ẹni tí wọn yóò dì í rù. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ bá fi máa wí pé, “N kò ríran mọ́,” ohun tí ó lọ ti lọ, kò sì sí oògùn tàbí ẹ̀rọ tí ó lè mú un padà.

Nítorí náà, ohun méjì ni ojú kò rí tí ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí: ẹwà kan tí ó wà ní òdì kejì ohun tí a lè rí, àti àdánù kan tí ó wà nínú ojú tí a fi ń ríran. Ìmọ́lẹ̀ kan náà ni ó sì ń ṣiṣẹ́ lára méjèèjì. Ní agbègbè Kilimanjaro ní ilẹ̀ Tanzania, àwọn oníwádìí pín aláìsàn glaucoma 201 sí ọ̀nà méjì nípa ìbò. Wọ́n fún apá kan ní oògùn tí a ń kán sí ojú lójoojúmọ́. Wọ́n fi ìmọ́lẹ̀ lésà tọ́jú ojú ọ̀nà omi inú ojú apá kejì, iṣẹ́ tí kì í ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2021, wọ́n ròyìn pé lẹ́yìn ọdún kan, nínú ọgọ́rùn-ún ojú tí a kán oògùn sí, 31 ni ìtọ́jú náà ṣì ń ṣiṣẹ́ fún. Nínú ọgọ́rùn-ún tí a fi lésà tọ́jú, 61 ni. Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí fún àgbẹ̀ tí owó rẹ̀ ń dé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, tí a sì ní kí ó máa ra ìgò oògùn lóṣooṣù títí ọjọ́ ayé rẹ̀.

Ní báyìí, mo lè dá ẹni tí ó béèrè lóhùn. Nígbà tí Maiman tan ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1960, kì í ṣe àgbẹ̀ Tanzania ni ó ní lọ́kàn. Ẹ rántí ìwé Tóbítì. Nígbà tí Tóbíà mú ẹja tí ó fò jáde láti inú odò, kò mọ ohun tí òróòro ẹja wà fún; áńgẹ́lì Ráfáẹ́lì ni ó sọ fún un kí ó pa á mọ́. Òróòro náà ni ó fi la ojú baba rẹ̀ nígbà tí ó padà délé. Bí Tóbíà bá ti sọ ọ́ nù nítorí pé kò rí ìwúlò rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ojú baba rẹ̀ ì bá má là. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìmọ̀. Wíwá òtítọ́ nípa iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́run kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kódà nígbà tí a kò tíì mọ ibi tí yóò wúlò sí. Àwọn tí ó fi àwọ̀ olo hàn ń retí pé ọ̀nà yìí kan náà yóò jẹ́ kí a mọ bí ojú ṣe ń kú àti bí a ṣe lè ran àwọn tí kì í mọ àwọ̀ yà sọ́tọ̀ lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n kí a kíyè sí i: Tóbíà mú òróòro náà dé ilé. Ibẹ̀ ni ẹ̀bi wà. Ìmọ̀ kò ṣẹ̀. Ẹni tí ó jẹ́ kí ìmọ̀ dúró sí ojú ọ̀nà ni ó ṣẹ̀. Ó ti ju ọgọ́ta ọdún lọ tí a ti ń fi lésà tọ́jú ojú ní ayé, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ìlú ni kò ní ẹ̀rọ náà nítòsí. Ẹni tí ó wà nípò àṣẹ, ẹni tí ó lówó, àti ọmọ wa tí ó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn, kí olúkúlùkù bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí òróòro ẹja náà dúró sí ní ọwọ́ tirẹ̀.

Ó sì ní ohun tí ó kan àwa tí a kò ní ẹ̀rọ kankan. Ìtọ́jú glaucoma ní ìṣòro kan tí kì í ṣe ti owó nìkan. Bí a bá bọ́ ìpẹ́ funfun kúrò lójú arúgbó, yóò ríran, yóò jó, yóò sì dúpẹ́. Bí a bá fi lésà tọ́jú glaucoma, kò ní rí ohun tuntun kankan nígbà tí ó bá jáde. Ojú tí ó gbé wọlé ni yóò gbé jáde. Kí ni ó wá san owó fún? Ó san owó fún àdánù tí kò ní ṣẹlẹ̀. Ẹlòmíràn wí pé àwa ará ìhín kò lè san owó fún ohun tí a kò rí. N kò gbà. Ta ni nínú àwọn olóko kòkó wa tí í dúró títí èso yóò fi dúdú lórí igi kí ó tó fín oògùn? Nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, tí kòkó ṣì tutù yọ̀yọ̀, ni ó ń gbé ẹ̀rọ kọ́ ẹ̀yìn. Ó ná owó nítorí ohun tí ojú rẹ̀ kò tíì rí, kò sì sí ẹni tí ó pè é ní òmùgọ̀. Ṣé kòkó ṣe pàtàkì ju ojú tí a fi ń wò ó lọ ni? Àwọn àgbà wí pé ojú tí yóò bá ni kalẹ́ kì í tàárọ̀ ṣepin. Ẹni tí ó bá ti pé ogójì ọdún, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn kí a wo ẹ̀yìn ojú rẹ̀, kí a sì wọn bí omi inú rẹ̀ ti le tó, bí kò tilẹ̀ dùn ún.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi etí sílẹ̀ fún mi. Àrùn yìí a máa rìn nínú ẹbí. Ọmọ àti àbúrò ẹni tí ó ní i wà nínú ewu ju àwọn ẹlòmíràn lọ. Mo mọ̀ pé a máa ń fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pamọ́ kí àwọn àna má baà gbọ́, kí a má baà sọ pé ìdílé afọ́jú ni wá. Ṣùgbọ́n baba tí ó mọ̀ tí kò sọ, ogún ni ó fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ láìsọ fún wọn pé gbèsè ni. Ìtìjú kò sí nínú rẹ̀. Tóbítì jẹ́ olódodo tí ń sin òkú àwọn ènìyàn rẹ̀ ní ìgbèkùn, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni ó fọ́ ọ lójú. Bí wọ́n bá sọ fún ọ ní ilé ìwòsàn pé o ní i, pe àwọn ọmọ rẹ jọ ní alẹ́ ọjọ́ náà kí o sì sọ fún wọn. Ó lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tí ó le jù lọ tí ìwọ yóò bá wọn sọ ni, òun náà ni ó sì lè la ojú wọn.

Kí a sì ṣọ́ra fún àwọn tí ń ta irọ́. Ẹni tí ó bá ṣèlérí pé omi òun, ewé òun, tàbí ẹ̀rọ lésà òun pàápàá yóò mú ìríran tí glaucoma ti pa padà, ẹ̀tàn ni. Dókítà tí ó fẹ́ràn aláìsàn yóò sọ òtítọ́ fún un: pé a lè dá èyí tí ó kù sí, pé a kò lè jí èyí tí ó kú, pé agbára ìtọ́jú náà lè dín kù tí a ó sì ní láti tún un ṣe.

Òtítọ́ yìí kan náà ni gbèsè tí oníwádìí jẹ. Ní Kánò ní ọdún 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń jà, a dán oògùn tuntun wò lára àwọn ọmọdé. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́, nítorí àwọn òbí wí pé a kò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni. Ara tálákà kì í ṣe oko tí a lè dá láìtọrọ. Nínú àwọn márùn-ún tí ó rí àwọ̀ olo, mẹ́ta jẹ́ ara àwọn tí ó kọ ìwé náà: ojú tiwọn ni wọ́n gbé síwájú ìmọ́lẹ̀ náà. Mo yìn wọ́n fún èyí. Ẹni tí yóò bá dán nǹkan wò lára ọmọnìkejì rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ bóyá òun lè gbé ojú òun síbẹ̀, kí ó sì sọ gbogbo ewu rẹ̀ ní èdè tí onítọ̀hún gbọ́.

Ohun tí ojú kò rí pọ̀ ju èyí tí ó rí lọ. Ọgbọ́n ni kí a gba ọ̀rọ̀ ẹni tí ó lè wo ibi tí àwa kò lè wò gbọ́. Ìfẹ́ ni kí ẹni tí ó rí i má ṣe dákẹ́. Bí ẹ bá ti ń jáde kúrò ní Mísà lónìí, ẹ wo ẹni tí ń táràrà níbi àtẹ̀gùn. Ẹ má kàn fà á lọ́wọ́ kọjá nìkan. Ẹ bi í bóyá ẹnikẹ́ni ti wo ojú rẹ̀ rí. Bí ó bá sì wí pé rárá, ẹ fi ọjọ́ tí ẹ ó jọ lọ sí ilé ìwòsàn sí i.

Kí Ọlọ́run tí ó dá ìmọ́lẹ̀ ṣáájú ohun gbogbo pa ojú yín mọ́. Àmín.